Ìwé Ó-Jí

"Wọ́n ní òun ló ní kí wọ́n…"

"Ta ni?"

"Yẹ̀kínnì náà ni. Bọ̀dá ẹ̀rọ. Wọ́n ní ó ti pẹ́ tó ti ń sọ fún ọmọbìnrin yẹn pé kó má…"

"Ẹ̀-ẹ́n!"

"Èmi ò sí níbẹ̀ o. Ẹni tó wà níbẹ̀ ló sọ fún ẹni tó sọ fún mi. Wọ́n tún ní bátìrì ẹ̀rọ kejì tó wà ní Mushin, ó ti gbé e lọ sí…"

"Ọjà Ládìpọ̀?"

"Ẹnu mi kọ́ lẹ ti gbọ́ ọ."

Ìyá Sàlíhù tó ń gbálẹ̀ ló ń rò, Jethro tó ń ṣọ́ géètì ló ń gbọ́. Bí àwọn méjèèjì ṣe rí Ummulkhair tó ń wọlé bọ̀, tó gbá báàgì rẹ̀ mọ́ àyà, wọ́n panu mọ́. Ìyá Sàlíhù tún ìgbálẹ̀ mú.

"Ummu, ọmọ dáadáa," ni ó wí. "Ọlọ́run ló yọ ẹ́ lọ́wọ́ ẹni ibi."

Ummulkhair kúnlẹ̀ kí wọn, ó sì kọjá. Nínú gbogbo ilé iṣẹ́ yẹn, òun nìkan ló mọ ohun tí Yẹ̀kínnì sọ gan-an, torí òun ló sọ ọ́ fún. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo àdúgbò sì wá ń gbé kiri yìí, ẹnu òun ló ti jáde.

Ilé ìpamọ́ ẹ̀jẹ̀ ni ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ilé funfun kan ní Sùúrùlérè. Àwọn ènìyàn á wá fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, wọn á yẹ̀ ẹ́ wò, wọn á kó o sínú fìríìjì. Bí ilé ìwòsàn kan bá ní aláìsàn tó ń fẹ́ ẹ̀jẹ̀, wọn á pè, ọlọ́kadà ilé iṣẹ́ á gbé e lọ. Nọ́ńbà nìkan ló máa ń wà lára àpò kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀jẹ̀ ta ni, irú ẹ̀jẹ̀ wo ni, ṣé ó mọ́ ni àbí àrùn wà nínú rẹ̀, inú kọ̀ǹpútà ńlá kan ni gbogbo ìyẹn wà. Dókítà Oyèníran tó ni ibẹ̀ ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, kí òṣìṣẹ́ kankan má baà mọ èyí tó lè jí tà.

Kọ̀ǹpútà ńlá yẹn ni wọ́n ń pè ní Ìyálé. Yẹ̀kínnì tó ń bójú tó o ló sọ ọ́ lórúkọ. Èkejì rẹ̀, tó kéré jù ú lọ, wà ní ẹ̀ka wọn ní Mushin, òun ni wọ́n ń pè ní Ìyàwó. Ohunkóhun tí wọ́n bá kọ sínú Ìyálé, kò ní pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ Ìyàwó. Bí nǹkan bá ṣe Ìyálé, Ìyàwó ló yẹ kó dìde gbé ìkòkò kaná, kí ará ilé má tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnì kan kò sí nílé.

Ummulkhair ò tíì pé ọdún méjìdínlógún nígbà tó débẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìdánwò àṣejáde ni. Ìyá rẹ̀ ti kú, ọ̀dọ̀ ìyá-ìyá rẹ̀, Àlájà Àṣàkẹ́, ló ń gbé ní Mushin. Dókítà ti ṣèlérí pé bó bá fi ọdún kan kọ́ṣẹ́ láìní àléébù, òun á rán an lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Yábàá láti kọ́ nípa kọ̀ǹpútà. Ìlérí yẹn ni ó fi ń sùn, òun ló fi ń jí.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Yẹ̀kínnì mú un wọ yàrá kékeré tí Ìyálé wà.

"Kí ni ẹ̀rọ yìí máa ṣe lọ́jọ́ kan?" ó bi í.

"Ó máa… ó máa ṣiṣẹ́, sà."

"Ó máa kú ni." Yẹ̀kínnì rẹ́rìn-ín. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, èdè ilé ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. "Omi lè pa á, iná lè pa á, eku lè gé okùn rẹ̀ jẹ. Iṣẹ́ tiwa kọ́ ni pé kó má kú. Iṣẹ́ tiwa ni pé lọ́jọ́ tó bá kú, ẹni tó ń rọbí ò gbọdọ̀ mọ̀."

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé gbogbo ọjọ́ Ẹtì, ní aago méjì ààbọ̀, bí wọ́n bá ti kírun Jímọ̀ tán, Yẹ̀kínnì á mọ̀ọ́mọ̀ pa Ìyálé. Gbogbo ojú kọ̀ǹpútà ilé á ṣókùnkùn. Á pe Rilwan tó ń ṣọ́ ẹ̀ka Mushin pé, "Ìyàwó ńkọ́?" Bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá bá kọjá, ojú kọ̀ǹpútà á tún mọ́lẹ̀, láti Mushin. Ìgbà yẹn ni Yẹ̀kínnì á ṣí ìwé kékeré kan tó ní èèpo aláwọ̀ ewé, á kọ ọjọ́ àti aago síbẹ̀, á wá kọ ọ̀rọ̀ méjì: "Ó jí." Àwọn òṣìṣẹ́ ń fi ṣẹ̀fẹ̀. Ìsìnkú ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ń pe iṣẹ́ náà, Ìwé Ó-Jí ni wọ́n ń pe ìwé náà.

Nígbà tí Dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé ìkẹ́rùsí tuntun ní Ijora, Yẹ̀kínnì ló ń lọ ṣètò ẹ̀rọ ibẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì. Ó kó ìwé náà lé Ummulkhair lọ́wọ́.

"Ìwọ lo máa máa sìnkú báyìí," ó wí. "Má bẹ̀rù. Òkú tó ń jí ni."

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ó ṣe é bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Àmọ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí kọ̀ǹpútà ò ṣiṣẹ́, ojú Ummulkhair ni gbogbo ènìyàn ń wò. Kò sì lè gba ojú ènìyàn lára. Ọmọ tó jẹ́ pé bí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀ ní kíláàsì, òógùn á bò ó.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, èrò kún gbọ̀ngàn. Bó ṣe dìde báyìí, Àǹtí Ṣìmí, ọ̀gá àwọn tó ń gbàlejò, pàtẹ́wọ́.

"Ẹ wò ó, alágbàsìnkú ti dìde! Ọmọ yìí, ṣé o ò rí iye ènìyàn tó jókòó síbí ni? Ṣé ojú ẹ fọ́ ni?"

Ọkùnrin kan tí ilé ìwòsàn rán wá gba ẹ̀jẹ̀ náà yí ojú padà. "Ṣé èyí ló máa ń paná? Kékeré yìí? Ìyá tó bí ẹ ò rí iṣẹ́ mìíràn kọ́ ẹ ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ ìyá yẹn wọ Ummulkhair lára bí abẹ́rẹ́. Ó sá wọ yàrá Ìyálé, ó pe Yẹ̀kínnì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, èrò pọ̀, wọ́n ń bú mi. Ṣé kí n fo tòní?"

Ọkọ̀ ojú irin ń kọjá níbi tí Yẹ̀kínnì wà ní Ijora. Ó dúró kí ó kọjá tán, ó sì dá a lóhùn. Gbólóhùn mẹ́rin péré ni, ketekete ni Ummulkhair sì gbọ́ ọ: kò gbọdọ̀ fò ó. Ó ní, "Ó dáa, sà."

Ó jáde láti lọ pa Ìyálé. Àǹtí Ṣìmí ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, ohùn rẹ̀ ti rọ̀ wẹ̀ẹ̀.

"Wá, ọmọ mi. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ṣé kò jí ni?"

"Ó jí, mà."

"Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìyẹn ńkọ́?"

"Ó jí."

"Ṣé tòní ni kò wá ní jí? Kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó jí, jàre, kí gbogbo wa simi. Ta ló fẹ́ mọ̀? Yẹ̀kínnì tó wà ní Ijora?"

Ummulkhair wo gbọ̀ngàn. Ọkùnrin yẹn ṣì ń wò ó. Ó ṣí ìwé. Ó kọ ọ́ pé ó pa á ní aago méjì ààbọ̀, ó tún kọ ọ́ pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni Ìyàwó fi dìde, kí irọ́ náà lè jọ òtítọ́. Ó wá kọ ọ́: "Ó jí."

Kò sóhun tó ṣẹlẹ̀. Àǹtí Ṣìmí ra pọfupọọfu fún un. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e rọrùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta irọ́ náà, kò dúró kí wọ́n kírun tán kó tó kọ ọ́. Ti ọ̀sẹ̀ kẹrin, ọjọ́bọ̀ ló ti kọ ọ́ sílẹ̀ de ọjọ́ Ẹtì.

Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e ni òjò dé. Láti ìdájí ló ti ń rọ̀, ọ̀nà omi orí òrùlé ti dí, kò sẹ́ni tó mọ̀. Aago mẹ́wàá ààbọ̀ kù díẹ̀ nígbà tí àjà yàrá kékeré náà ya, tí omi sì dà sórí Ìyálé wàà. Ó dún pàà lẹ́ẹ̀kan. Èéfín yọ. Ojú gbogbo kọ̀ǹpútà ṣú.

Àwọn kan kígbe. Yẹ̀kínnì tó wà lórí ìjókòó rẹ̀ ò kígbe. Ó gé iná yàrá náà, ó nu ọwọ́, ó wo aago.

"Ẹ fọkàn balẹ̀," ó wí. "Ìyálé ti lọ nìyẹn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Ìyàwó á gbé e."

Ummulkhair náà wo aago.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá pé. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Yẹ̀kínnì pe Rilwan, kò gbé e. Ibi tó ti ń pè é ni fóònù orí tábìlì Àǹtí Ṣìmí dún. Ilé ìwòsàn kan nítòsí ni. Obìnrin kan ti bímọ, Ayọ̀kànmí lorúkọ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ò dá lára rẹ̀. Àpò mẹ́ta ni wọ́n ń fẹ́. Kíákíá.

Wọ́n ṣí fìríìjì. Àpò mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà níbẹ̀, tí gbogbo wọn pupa bákan náà, tí nọ́ńbà wà lára wọn. Èyí tó lè gba ènìyàn là wà níbẹ̀, èyí tó lè pa ènìyàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè nawọ́ mú ọ̀kan.

"Ẹ bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò láti ìbẹ̀rẹ̀," Dókítà Oyèníran pariwo. "Ẹ mú mẹ́fà jáde!"

"Wákàtí kan ààbọ̀ ni, sà," ni obìnrin tó ń ṣàyẹ̀wò wí.

"Ẹ ṣe é!"

Yẹ̀kínnì ti bọ́ sínú òjò. Kéké ni ó wọ̀. Nígbà tí omi dí ọ̀nà, ó bọ́ sílẹ̀, ó sáré dé Mushin. Rilwan ló ṣílẹ̀kùn fún un. Ìyàwó wà lórí tábìlì rẹ̀, ó tutù, eruku ti bò ó. Okùn iná rẹ̀ wà nílẹ̀. Ibi tó yẹ kí okùn náà wà, okùn fírísà ló wà níbẹ̀, fírísà náà sì kún fún omi dídì tí Rilwan ń tà fún àwọn mẹ́káníìkì àdúgbò.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú," Rilwan ń wí, ó ti ń sunkún. "Gbogbo ọjọ́ Ẹtì lẹ máa ń pè mí pé Ìyàwó ńkọ́. Ẹ ò pè mí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Mo ní bóyá ẹ ò lò ó mọ́ ni."

Yẹ̀kínnì tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó tan Ìyàwó. Ó jí lóòótọ́, ṣùgbọ́n oorun ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ó ti jí. Kò mọ nǹkan kan nípa àpò mọ́kànlélọ́gbọ̀n yẹn, torí ẹ̀yìn ìgbà tó sùn ni wọ́n gbà wọ́n.

Aago méjìlá kọjá ogún ìṣẹ́jú ni àyẹ̀wò tuntun parí, tí ọlọ́kadà gbé àpò mẹ́ta sáré jáde. Aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún ni Ayọ̀kànmí ti kú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Dókítà kó gbogbo wọn jọ. Ó gbé Ìwé Ó-Jí sókè.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin! Ó jí, ó jí, ó jí, ó jí! Rilwan ní wọn ò pe òun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọwọ́ ta nìyí?"

Ojú gbogbo wọn yí sí Ummulkhair. Ó rí Yábàá tó ń lọ. Ó rí ìyá rẹ̀ àgbà tó ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé ọmọ òun máa di ọlọ́gbọ́n ẹ̀rọ. Àǹtí Ṣìmí tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ fi ìka gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ọmọ iṣẹ́ ni ẹ́," ó rọra wí. "Ohun tí ọ̀gá ẹ ní kó o ṣe lo ṣe."

"Ẹ̀gbọ́n Yẹ̀kínnì ni," Ummulkhair wí. "Àwọn ló ní kí n máa kọ ọ́, pé kí n má pa á mọ́."

Yẹ̀kínnì yíjú sí i, ṣùgbọ́n ìbínú kọ́ ló wà lójú rẹ̀. Ó dà bí ẹni tí wọ́n fi èdè tí kò gbọ́ bá sọ̀rọ̀.

"Ummu," ó wí. "Tún un sọ."

Ó tún un sọ. Ti ẹ̀ẹ̀kejì yìí já gaara ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Wọ́n lé Yẹ̀kínnì kó tó di ọ̀sán. Kó tó dé ilé, àwòrán rẹ̀ ti wà lórí Wọ́sáàpù gbogbo Mushin, tí wọ́n kọ "apànìyàn" sábẹ́ rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, Mùktárù, ọkọ Ayọ̀kànmí, tó ń lu ara ọkọ̀ ní Mushin, mú irin iṣẹ́ rẹ̀ dání, òun àti àwọn àbúrò rẹ̀, wọ́n lọ bá a lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Àwọn aládùúgbò dúró, wọ́n ń fi fóònù ya fídíò. Ọwọ́ ọ̀tún tí Yẹ̀kínnì fi ń tẹ kọ̀ǹpútà ni wọ́n ṣẹ́, níbi méjì. Ẹni tó ya fídíò náà tilẹ̀ kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Kó lọ fi òsì tẹ̀ ẹ́."

Ìjókòó Yẹ̀kínnì ni wọ́n fún Ummulkhair. Dókítà ní ọmọ tó gboyà sọ òtítọ́ lójú ọ̀gá rẹ̀ ni, fọ́ọ̀mù Yábàá ti wà lórí tábìlì òun. Àwọn òṣìṣẹ́ ń kí i. Ife tíì Yẹ̀kínnì ṣì wà lórí tábìlì náà, tíì ti gbẹ mọ́ ọn nídìí. Kò lè fọ̀ ọ́, kò sì lè gbé e kúrò.

Bí ọjọ́ ti ń lọ ni ọ̀rọ̀ náà ń sanra. Yẹ̀kínnì ta bátìrì. Yẹ̀kínnì ti ń ta ẹ̀jẹ̀ tipẹ́. Yẹ̀kínnì ti ṣe irú rẹ̀ rí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Irọ́ kan ṣoṣo ni Ummulkhair bí, ó ti wá lọ́mọ, ó ti lọ́mọ-ọmọ.

Ọ̀sẹ̀ kejì nìyẹn, àárọ̀ tó gbọ́ ọ̀rọ̀ Ìyá Sàlíhù ní géètì. Nígbà tó délé ní ìrọ̀lẹ́, Àlájà Àṣàkẹ́ ń ṣa ẹ̀wà lórí àga.

"Wọ́n sọ ọ̀rọ̀ ọ̀gá ẹ níwájú mi lónìí," ìyá àgbà wí, kò gbójú sókè. "Mo ní Yẹ̀kínnì tó máa ń mú ẹ wálé bí òjò bá ń rọ̀? Wọ́n ní òun náà ni. Ìwọ lo bá a ṣiṣẹ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí?"

Ummulkhair tún gbá báàgì rẹ̀ mọ́ àyà.

Ọwọ́ ìyá àgbà dúró nínú ẹ̀wà. Ó wo ọmọ náà.

"Wọ́n máa ń sọ fún ọmọdé pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a," ó wí. "Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n wọn kì í sọ ohun tí irọ́ náà á ti jẹ ní ogún ọdún yẹn. Ara ènìyàn ló ń jẹ." Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹ̀wà. "Bí ẹ̀wà yìí bá jinná, o máa gbé díẹ̀ lọ fún un. Ìwọ fúnra ẹ."

Ilé Yẹ̀kínnì ò jìnnà. Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún wà nínú aṣọ líle funfun tí wọ́n fi ń di egungun. Ó ń fi òsì tẹ fóònù. Ó ń wáṣẹ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti gbọ́ orúkọ rẹ̀, wọn á pa fóònù. Nígbà tó rí Ummulkhair, ó sún fún un.

Ummulkhair gbé abọ́ kalẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti tò sẹ́nu ní ọ̀nà sá.

"Ọ̀kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bi ẹ́," Yẹ̀kínnì wí jẹ́jẹ́. "Lọ́jọ́ yẹn tó o pè mí ní Ijora, ṣé ohùn mi ò já gaara ni?"

"Ó já gaara, sà."

"Ó dáa." Ó mi orí. "Mo ti ń rò ó pé bóyá ariwo ọkọ̀ ojú irin ni. Mo ti ń sọ fún ara mi pé ọmọ yẹn ò gbọ́ mi ni." Ó wo abọ́ náà, kò fọwọ́ kàn án. "Máa lọ sílé. Òjò ń ṣú."

Ó sàn kó gbá a létí. Títí Ummulkhair fi délé, ọ̀rọ̀ yẹn ló ń dún létí rẹ̀: ọkùnrin tí òun sọ di apànìyàn ń wá àwáwí fún òun.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Dókítà pe ẹbí olóògbé wá. Ó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà parí. Mùktárù jókòó níwájú, ó gbé ọmọ jòjòló sápá, ọmọ tí Ayọ̀kànmí bí kó tó kú. Dókítà ka ìwé kan sí wọn létí: Yẹ̀kínnì nìkan ló jẹ̀bi, ilé iṣẹ́ ò mọ̀ sí i. Ó na ìwé náà sí Ummulkhair.

"Kọ orúkọ ẹ síbí, ọmọ mi. Ìwọ lẹlẹ́rìí."

"Báírò rèé," Àǹtí Ṣìmí wí.

Ummulkhair gba báírò. Ó wo ibi tí wọ́n fẹ́ kó kọ orúkọ sí. Aago ara ògiri ń lọ sí méjì ààbọ̀. Ọmọ jòjòló náà sín. Ó rí i gbangba pé bí òun bá ti kọ ọ́, á rọrùn. Ti ọ̀la á tún rọrùn jù ú lọ. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí níjọ́sí.

Ó gbé báírò kalẹ̀.

"Irọ́ ni mo pa," ó wí. Ohùn rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí Mùktárù fi ní kó sọ ọ́ sókè. "Irọ́ ni mo pa mọ́ Ẹ̀gbọ́n Yẹ̀kínnì. Wọn ò ní kí n kọ ọ́. Èmi ni mo kọ ọ́, torí ojú ń tì mí. Ká ní mo pa ẹ̀rọ yẹn ní ọjọ́ Ẹtì kan ṣoṣo péré, à bá ti mọ̀ pé èkejì ò sí lórí iná."

"Èmi ò sí níbẹ̀ o!" Àǹtí Ṣìmí ti dìde. "Ẹ gbọ́ mi o, èmi ò sọ nǹkan kan fún ọmọ yìí!"

Dókítà di ìwé náà mú bí ẹni tí ẹja ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ummulkhair, ṣé o mọ ohun tó ò ń sọ? Yábàá ti tán. Iṣẹ́ ti tán. Kó ẹrù ẹ."

"Mo mọ̀, sà."

Mùktárù ò wo Dókítà. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ tó fi gbé ọmọ.

"Ó ń bẹ̀ mí," ó wí. "Ó ń sọ pé, 'Bọ̀dá, ẹ gbọ́ mi ná.' Mo ní kó panu mọ́. Mo gbé irin sókè lẹ́ẹ̀kejì." Ó gbójú sókè sí Ummulkhair. Ojú náà pọ́n, omi ò sí níbẹ̀. "Ìwọ lo pa ìyàwó mi. O tún fi ọwọ́ mi ṣẹ́ ọwọ́ ẹni ẹlẹ́ni."

Kò sẹ́ni tó ní kó má sọ bẹ́ẹ̀. Ummulkhair náà ò ní kó má sọ bẹ́ẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká fi mọ síbẹ̀," Dókítà wí. "Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Yẹ̀kínnì ò kúkú…"

"Ẹ dákẹ́, Dókítà." Mùktárù ṣì ń wo ọmọbìnrin náà. "Kí ni ọkùnrin yẹn sọ fún ẹ gan-an lọ́jọ́ yẹn? Bó ṣe sọ ọ́ ni kó o sọ ọ́. Má fi kún un, má yọ kúrò níbẹ̀."

Ìyá Sàlíhù ti dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìgbálẹ̀, Jethro wà lẹ́yìn rẹ̀. Ummulkhair ò tẹ orí ba mọ́. Ó wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì sọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún un:

"Ẹ̀gbọ́n ní: 'Pa á, Ummu. Bí wọ́n bá bú ẹ, èébú á tán lára ẹ kílẹ̀ tó ṣú. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú ẹ ò bá rí, má kọ ọ́ sínú ìwé yẹn láéláé. Ọjọ́ tó o bá kọ "ó jí" fún òkú, alààyè kan ló máa kú dípò ẹ̀.'"